Mẹ́mọ́rì Tí Alàgbà Rà

Dúró níbẹ̀, ìwọ tó ń kánjú lọ ra mẹ́mọ́rì, tẹ́tí sílẹ̀! Alàgbà Ṣówándé, alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa, ra mẹ́mọ́rì tuntun, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, láti fi ṣe ọrẹ fún ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọ, ó ní bí Mofẹ́wà tó ń tẹ̀wé fún ìjọ kò bá rí i fi wọlé kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi, kó wá iṣẹ́ míì lọ. Mofẹ́wà yọ ti àtijọ́ jáde, ó fi wé tuntun: ibi tí wọ́n gé sí létí ọ̀kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. “Sà, wọn ò bára mu.” “Ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré!” ni Alàgbà dá a lóhùn. “Òótọ́ ni, sà. Ọwọ́ onígbàgbọ́ kékeré ò sì yẹ kó kàn án.” Nínú ìjọ wa, olúkúlùkù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọrẹ rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àkókò ọrẹ tó lọ́jọ́ Ìsinmi, Mofẹ́wà gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú pẹpẹ, ó ṣí i, ó kúnlẹ̀ fún Alàgbà: “Ẹ̀yin tí ìgbàgbọ́ yín tóbi, sà, ẹ bá wa fi sí i.” Ìjọ pàtẹ́wọ́. Alàgbà tì í, kò wọlé. Ó yí i padà, kò wọlé. Ó tún yí i títí kò fi mọ ojú ẹ̀yìn yàtọ̀ sí tiwájú mọ́. “Ẹ tún tì í, Bàbá!” ni ìjọ ń wí. Mofẹ́wà rọra gbé ti àtijọ́ lé e lọ́wọ́. Alàgbà wo méjèèjì, ó nu òógùn. “Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ra èyí tí kò bá a mu. Lọ́la, màá lọ pààrọ̀ rẹ̀.” “Àmín, sà,” ni Mofẹ́wà wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, yí padà sílé: yọ ti àtijọ́ jáde, kí o mú un dání lọ sọ́jà.