Àkàbà Aláìgbàgbọ́

Wọ́n ní ìwà lẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni Ìyá Ìjọ Fadérera fi ń pa á lówe. Òun ló ní kí ìjọ má ra ìjókòó lọ́wọ́ Adéoṣù káfíńtà tí ilé rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọkùnrin náà ní òun ò gbà pé Ọlọ́run wà.

Lọ́jọ́ ìkórè, gìrì mú ọmọ-ọmọ Fadérera nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sáré dé géètì, ọmọ ìjọ tó ń ṣọ́ ọ ti tì í pa.

"Ẹ ṣí i, ọmọ ń kú lọ!"

"Ìyá Ìjọ, bíṣọ́ọ̀bù ń súre lọ́wọ́," ni aṣọ́nà náà fèsì. " Ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa tì í, kí èrò má baà yọ́ lọ. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà."

Àdúrà kẹ̀? Ojú ọmọ ti yí sókè! Àfi bí àkàbà ṣe yọ lórí ògiri, tí Adéoṣù na ọwọ́ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ gbé e fún mi kíá!"

Ọsibítù ni ọmọ ti lajú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, Fadérera dìde jẹ́rìí. Àlùfáà bi í pé, "Onígbàgbọ́ wo ló gbà yín?"

Fadérera kọjú sí ìjọ. "Onígbàgbọ́ kọ́, sà. Àwa onígbàgbọ́ la di kọ́kọ́rọ́ mú."