Ìjàpá Oníná, Ààrò Tútù

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn ti sùn ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi yìí, ìdí ààrò ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn Ìjàpá ló parí sí.

Ní ìgbà kan rí, ààrò kan ṣoṣo ló ń jó nílùú àwọn ẹranko. Erin ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ dáná, á gbé iṣu fún Erin, Erin á bu ẹyin iná sínú àpáàdì fún un. Iná rẹ̀ dára, àmọ́ oorun rẹ̀ pọ̀. Bí Erin bá sùn gbàgbé, gbogbo ìlú jẹ iṣu tútù nìyẹn.

Wọ́n ráhùn títí. Ọba Kìnnìún bá pàṣẹ: "Láti òní lọ, ẹni tó bá lè dáná, kó máa ta iná. Kí kálukú rà á lọ́wọ́ ẹni tó wù ú."

Háà! Inú Ìjàpá dùn. Igi ìdáná ò sí nílé rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹnu wà. Ó ń kiri ojúlé dé ojúlé. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọdé:

Ẹ wá raná o!
*Iná dé!*
Ẹ̀dínwó iná o!
*Iná dé!*

Ó kan ilé Ehoro. Ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ ọ́n, ilé tí ìkókó bá wà, iná kì í kú níbẹ̀. Omi ìwẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ gbóná.

"Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ! Kí ni Erin ń gbà lọ́wọ́ yín?"

"Odindi iṣu."

"Odindi! Ṣé ọmọ lẹ bí ni, àbí gbèsè? Ìdajì ni tèmi."

"Ìdajì? Títí di ìgbà wo?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ àádùn."

"Ìjàpá, mo ní títí di ìgbà wo?"

"Ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ehoro jẹ ẹ́. Ó dùn lóòótọ́. Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín.

"Ó parí! Ẹni tó bá ti jẹ àádùn mi, kò gbọdọ̀ gba iná lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí ọyẹ́ yóò fi kọjá."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́!"

"Nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu yín kún."

Bí gbogbo ìlú ṣe jẹ àádùn nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Ètè ń là, etí ń tutù. Ìjàpá tún kanlẹ̀kùn Ehoro.

"Iná ti wọ́n o. Iṣu mẹ́ta ni báyìí."

"Mẹ́ta kẹ̀? Ìdajì lo sọ!"

"Ìdajì ìgbà òjò nìyẹn."

Ìjàpá bá tirẹ̀ lọ. Iṣu Ehoro ti tán, àwọn ọmọ ń gbọ̀n. Ó mú àpáàdì, ó lọ bẹ Ìjàpá nílé. Ìjàpá ò sí nílé. Adìyẹ ló bá, ó jókòó sáàárín ààrò.

"Adìyẹ! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń sàba ni."

"Ẹyin rẹ ò ní jóná?"

"Kí ni yóò jó o? Ààrò yìí tutù ju imú ajá lọ."

"Níbo wá ni Ìjàpá ti ń rí iná?"

"Ilé Erin ni. Àràárọ̀, kí Erin tó jí, ló ń lọ bù ú."

Ehoro ò pariwo. Ó kàn lọ sọ fún ará ilé kan, ará ilé kan sọ fún èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹranko ti dúró sẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá, tàwọn ti àpáàdì.

"Ìjàpá, iná tìrẹ la bá ọ ṣàdéhùn lé lórí. Ṣílẹ̀kùn, ká bù ú nínú ààrò rẹ!"

"Ẹ ní sùúrù o! Mo ń koná lọ́wọ́!"

Ó gba ẹ̀yìnkùlé yọ, ó di ilé Erin. Erin ń hanrun. Àpáàdì Ìjàpá kéré, èrò sì pọ̀. Ó ronú. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Àpáàdì ló ń kojú iná. Kí ni ẹ̀yìn tèmi yìí, bí kì í bá ṣe àpáàdì?"

Ó kó ẹyin iná lé ẹ̀yìn. Ó rìn díẹ̀. Ó yára díẹ̀. Ìjàpá, ẹ gbọ́ o, Ìjàpá sáré! Ẹ̀yìn ń sán: pá! pá! pá!

"Iná dé! Ẹ gbà mí, iná dé!"

Àwọn ẹranko rò pé orin ọjà ni. Wọ́n gbè é fún un:

*Iná dé!*

"Mo ní ẹ gbà mí!"

*Iná dé!*

Ehoro nìkan ló rí èéfín. Ó fi àpáàdì gbá ẹyin iná kúrò, ó sì sáré mú àdín ọmọ wá, ó ń fi pa Ìjàpá lẹ́yìn.

"Rọra, ìyá ìkókó, rọra!"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Àádùn yẹn, títí di ìgbà wo ló dè wá?"

"Ó ti tú! Ẹ máa lọ síbi tó wù yín!"

"Iṣu wa ńkọ́?"

Ìjàpá wolẹ̀. "Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Àwọn ọmọ Ehoro wẹ omi gbígbóná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, Ọ̀bọ dá ààrò tirẹ̀ sílẹ̀. Erin gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jí. Ẹ̀yìn Ìjàpá ńkọ́? Ó là wẹ́wẹ́ bí àpáàdì, ó sì ń dán títí dòní. Àdín Ehoro ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ wo ààrò kẹ́ ẹ tó jẹ àádùn. Bí ọlọ́jà bá ń fi oúnjẹ dá ìbéèrè yín lóhùn, ẹ tún un bi.

Ó tó, ẹ lọ sùn. Ẹni tó bá kẹ́yìn, kó feérú bo iná, ká lè bá a láàárọ̀.