Òkété àti Bọ́ọ̀lù Ọgọ́rùn-ún Ìnàkí

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, ó ré kọjá odò, ó já lé Òkété lọ́wọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń ṣeré lọ́sàn-án gangan, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní àgbásọdá. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi kóńdó gbá a. Bí bọ́ọ̀lù bá fò sọdá odò, ariwo á ta. Oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù náà. Wọ́n á fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, wọ́n á wá fi osùn kùn ún títí á fi pọ́n bí ẹyìn. Òfin eré náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ èyí: bọ́ọ̀lù tó bá ti sọdá odò, ẹni tó bá hán an ló ni ín.

Ìnàkí ni ọ̀gá nínú eré yìí. Ẹgbẹ́ Òkè ló ń gbá a fún, Ẹfọ̀n sì ni olórí wọn. Nígbà tó ku ẹyọ kan ṣoṣo kí bọ́ọ̀lù tí Ìnàkí ti gbá sọdá pé ọgọ́rùn-ún, kò sí ẹranko tó jókòó sílé. Òkété náà jáde. Kì í kúkú ṣe eré ló bá wá. Ẹ̀pà sísè tí àwọn òǹwòran ń já sílẹ̀ ló ń ṣà kiri lódìkejì odò.

Ìnàkí gbé kóńdó sókè. Kọ̀ọ̀! Bọ́ọ̀lù ré kọjá odò, ó ń bọ̀. Òkété gbójú sókè, ẹ̀rù bà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Pó! Bọ́ọ̀lù já sí i lọ́wọ́.

Hàà! Wọ́n pariwo, wọ́n jó. Ìnàkí fúnra rẹ̀ la odò kọjá, omi ń kán lára rẹ̀.

“Òkété, ọ̀rẹ́ mi, o kú oríire o. Jọ̀ọ́, fún mi ní bọ́ọ̀lù yẹn. Ìyá mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé èyí tó bá pé ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ni màá fi lé, kó lè fọwọ́ pa á.”

Ọkàn Òkété rọ̀. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ síwájú díẹ̀. Àfi bí Ẹfọ̀n ṣe sáré dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ní, “Òkété, fún un! Apẹ̀rẹ̀ iṣu kan ń bẹ ńlẹ̀ fún ọ.”

Ni ọwọ́ Òkété bá padà sẹ́yìn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀: bí wọ́n bá lè fi apẹ̀rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ lójú agbo, kí ló wá wà nínú àká?

“Bàbá Ẹfọ̀n,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n lọ bi ìyàwó mi ná.”

Òkété tí kì í bi ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan!

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, “Baálé mi, ẹ dá a padà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ gba iṣu yẹn, ká gún un.”

“Dákẹ́ jàre. O ò mọ ọjà.”

Kò pẹ́, Ọ̀nì, olórí Ẹgbẹ́ Odò tó ń bá Ẹgbẹ́ Òkè figagbága, ki imú gígùn bọ ẹnu ihò. “Òkété, ta bọ́ọ̀lù yẹn fún mi. Ìsàlẹ̀ ibú ni màá jù ú sí. Ìnàkí ti fi wá ṣẹ̀sín tó. Ẹja yíyan tó kún ọkọ̀ kan ni màá fún ọ.”

Iṣu lọ́tùn-ún, ẹja lósì. Oorun kò kun Òkété. Bọ́ọ̀lù kan kò sáà lè gba ọ̀nà méjì lọ. Àbí ó lè lọ? Ó fò dìde, ó lọ gba oje rọ́bà, ó bó okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gún osùn. Ó ń wé e, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Bọ́ọ̀lù ń yí o,
*Gbìrìgbìrì!*
Ọ̀kan f'Ẹfọ̀n,
*Gbìrìgbìrì!*
Ọ̀kan f'Ọ́nì,
*Gbìrìgbìrì!*
Ojúlówó, tèmi ni,
*Gbìrìgbìrì!*

Orin náà dùn mọ́ ọn débi pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ó ṣe é títí ó fi di òkìtì. Ó ní oníbàárà mìíràn kò ní ṣaláì wá. Ojúlówó wá ńkọ́? Ó gbé e sí kọ̀rọ̀ ihò, ó ń retí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa là jù.

Ó gbé ọ̀kan fún Ẹfọ̀n, ó ní, “Bàbá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ọ̀nì ń wá a kiri.” Ó gbé ọ̀kan fún Ọ̀nì, ó ní, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹfọ̀n ń wá a kiri.” Iṣu wọlé, ẹja wọlé. Ilé Òkété kún tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ wọlé.

Nígbà tó yá, Ẹgbẹ́ Òkè kó ara wọn jọ, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ ìyá Ìnàkí pẹ̀lú orin. Etí odò ni ọ̀nà gbà. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Ọ̀nì àti àwọn ará rẹ̀. Ọ̀nì gbé bọ́ọ̀lù pupa kan sókè, ó ń kígbe pé, “Bọ́ọ̀lù Ìnàkí rèé o! Ẹ wá wò ó bó ṣe máa rì!”

Ẹfọ̀n dúró gbọnrangandan. “Kí lo mú lọ́wọ́ yẹn?”

“Ìwọ náà ńkọ́? Kí lo gbé dání?”

Wọ́n wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo ara wọn. Ilé Òkété ni gbogbo wọn gbà lọ.

Òkété gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yọrí síta. Ó ti fẹ́ sọ pé òun kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n ní, “Ohunkóhun tí o bá ń fẹ́ la ó fún ọ. Sáà mú ojúlówó wá.” Etí Òkété nà fáú. Ọ̀kánjúwà ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀:

“Ẹ má bínú, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ayédèrú ni. Ojúlówó wà nínú ilé. Ó yá, ta ló máa gbówó lé e jù?”

Òkété sáré wọlé. Ó dé kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ ṣófo! Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó gbogbo bọ́ọ̀lù jáde, ti kọ̀rọ̀ àti ti òkìtì, wọ́n ń gbá wọn káàkiri ilé.

“Àwẹ̀ró! Èwo ni ojúlówó nínú wọn?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ ọjà, baálé mi.”

Ó gbé ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé òmíràn, ó gé e jẹ. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dára jù. Nígbà tó kó wọn mọ́ra jáde, ó ní: “Ọ̀kan nínú wọn ni.”

Ọ̀nì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹfọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìwo gbé Òkété sọ sínú igbó ẹ̀gún. Wọ́n kó iṣu wọn, wọ́n kó ẹja wọn. Ó wá kan Ìnàkí. Ó mú bọ́ọ̀lù kan, ó fọwọ́ pa á, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó yí padà. Ìyẹn dun Òkété ju ìwo Ẹfọ̀n lọ.

Ṣé ibẹ̀ ló parí sí? Rárá o. Lọ́jọ́ kejì, Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìyá Ìnàkí pọ̀n wá sí etí odò. Ìyá jókòó, ó tẹ́tí. Kọ̀ọ̀!

“Ọmọ mi ló gbá ìyẹn!” ni ìyá wí.

Pẹ́pẹ́yẹ ló fi ìyẹ́ méjèèjì hán bọ́ọ̀lù náà lódìkejì. Gbogbo ẹranko ń wo ẹnu rẹ̀. Kí ló máa béèrè? Pẹ́pẹ́yẹ wẹ odò kọjá, ó gbé e lé ọwọ́ ìyá. “Ìyá, ẹ gbà. Ó ṣì gbóná.”

Ìyá fọwọ́ pa á yíká, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún lé kan ni.

“Ta ló ń kà á?” ni ìyá wí. “Èyí tí mo gbọ́ nìyí.”

Àní Ọ̀nì gan-an pàtẹ́wọ́. Òkété yọjú látinú ihò láti wò wọ́n. Bí wọ́n ṣe yíjú sí i, ìtìjú mú un, ó sá wọlé. Láti ọjọ́ náà, ó di ìgbà tí gbogbo ayé bá sùn kí òkété tó jáde.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tó já sí ọ lọ́wọ́ lè jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n má fi ayọ̀ ẹlòmíràn ṣe ọjà tà. Ẹni tó bá sì ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú délé, ìbáà jẹ́ pé eku ni òun náà. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí eyín mi máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò wọ́n: wọ́n pé síbẹ̀.