Bí Mo Ṣe Fẹ́ Pa Ẹ̀ṣọ́ Igbó Àpòlúkù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká lábẹ́ igi odán yìí, ẹ fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti oníwàǹwára. Ọdẹ́rìndé ni mí, ọmọ Ìdí-Àràbà, ọmọ ọdẹ tó pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Bàbá mi kọ́ mi ní ìbọn yíyìn, ó kọ́ mi ní àgbo, ṣùgbọ́n kò kọ́ mi ní sùúrù.

Inú ló ń ta Àwẹ̀ró, aya mi. Bí ó jẹun, ẹkún. Bí kò jẹun, ẹkún. Ó rù títí òrùka ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà. Èmi kò káwọ́ gbera o! Láràárọ̀, kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, mo ń bu àgbo ọdẹ fún un, egbò tí a rẹ sínú ògógóró, mo sì ń lọ oògùn ara ríro méjì sí i, bí àwa ọdẹ ti ń ṣe nígbà tí ẹrù ẹran bá ti pa wá lẹ́yìn. Nígbà tí kò san, mo gbé ìbọn ní ọ̀sán gangan, mo lọ wá ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní inú.

Bóyá oorun gbé mi lọ ní ìdí igi kan, bóyá kò gbé mi, n kò mọ̀ títí dòní. Mo kàn bá ara mi nínú igbó kan tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa, tó rọ̀, tó ń lọ sókè sódò bí àyà ẹni tó ń sùn. Oúnjẹ ń já bọ́ láti òkè, igbó náà ń pò ó, ó ń lọ̀ ọ́, títí ó fi dà bí ẹ̀kọ mímu. Ara mi balẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ni ọkùnrin gíga kan bá yọ, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Egungun ẹja bọ́ sí i léjìká, ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Mo na ìbọn sí i, mo kígbe pé, "Ìwọ lo ń jó inú aya mi!"

Ó ní, "Ọdẹ, rọra. Èmi ni Omíkan, ẹ̀ṣọ́ Igbó Àpòlúkù. Kòkòrò àìmọye ń bá oúnjẹ wọlé, èmi ni mò ń pa wọ́n. Bí o bá pa mí, ta ni yóò ṣọ́nà? Kí o tó yìn, dá mi lóhùn: kí ló dé tí ilé mi kò jó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí aya rẹ?"

Mo wò yí ká. Ìyá arúgbó kan tẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń fi ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá rẹ́ ẹ, bí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, rẹ́ ilé.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ̀yin ni ẹ kò jẹ́ kí ilé jó."

"Èmi ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wo ibí yìí."

Ihò ni. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó lọ́ bí ìwo àgbò ń gbẹ́ abẹ́ ohun tó fi rẹ́ ògiri, omi Omíkan sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń jó ẹran ara. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ìyá ní, "Mò ń dí i. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni ẹnìkan ń da ohun kan tó ń rùn bí ògógóró wọlé, pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun, tí yóò ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo lè purọ́. Ojú tì mí títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ìyá, èmi ni."

Ó fọwọ́ kàn mí lórí. "Máa lọ. Ìbọn rẹ kò lè pa àwọn kòkòrò yìí. Àwọn dókítà ní oògùn tó mọ ibi tí wọ́n fara pamọ́ sí."

Mo lajú, mo sáré délé, mo da ìkòkò àgbo nù, mo sì jẹ́wọ́ fún Àwẹ̀ró.

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́yalé, ẹ ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín pé àgbo yẹn ń ta mí. Ẹ ní kí n gbé e mì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ìbùṣán ejò lọ. Mo gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó ń sun láti ọgbẹ́ inú rẹ̀ ló sọ ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú; wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àti èyí tó ń mú Omíkan rọlẹ̀ kí ọgbẹ́ náà lè jinná. Ọjọ́ tó jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tán tí kò sunkún, èmi ni mo sunkún.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà. Bí ẹni yín bá ní oògùn tí ẹ fún òun ń ta òun, ẹ gbà á gbọ́.