Ẹnu Ògiri Ọgbà Ẹkùn

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìgbà wo ni amọ̀ di ohun tó ń lanu? Kí ni aláǹgbá tí ọmọdé ń sọ lókò kiri tún já mọ́, tí à ń torí rẹ̀ pòwe? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbígbọ̀n ni ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ń gbọ̀n.

Ọba Ìgbólóyè kò fẹ́ kí wọ́n máa ti ẹran ìgbẹ́ mọ́ àgò. Ó ní òun yóò ṣe ọgbà gbalasa kan, kí ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín máa jẹ kiri, kí ẹkùn ní apá tirẹ̀, kí àlejò dúró lórí òkè máa wò wọ́n. Ògiri gíga ni yóò yí i ká, ẹ̀gún yóò sì wà lórí rẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Ọnàbánjọ àti Fọwọ́kàn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ògiri fún. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ lápá kan, àbúrò bẹ̀rẹ̀ lápá kejì. Ẹni tó bá ti mọ ògiri rí mọ̀ pé níbi tí apá méjì bá ti pàdé, ńṣe ni à ń jẹ́ kí amọ̀ ọ̀kan wọnú èkejì, bí ìka ọwọ́ méjì tó há síra wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ọnàbánjọ ní kí àbúrò òun gé lára tirẹ̀ kí tòun lè wọlé.

"Ṣé tèmi lẹ ó máa gé ní gbogbo ìgbà ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó gé. Wọ́n fi amọ̀ rírọ̀ dí àárín, wọ́n rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Ọba wò ó, ó yìn wọ́n, wọ́n sì tú ẹkùn sínú ọgbà.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbíyẹmí, ìyàwó Fọwọ́kàn, gbé oúnjẹ wá fún wọn níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀gún orí ògiri tò. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sí ibòji ògiri, ó jókòó, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Aláǹgbá kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọnú ògiri lọ. Ọnàbánjọ rí i. Ó dúró kó jáde, kò jáde. Ó sún mọ́ ibẹ̀, ó rí i pé ojú ibi tí òun àti àbúrò òun ti pàdé ti là láti òkè dé ilẹ̀. Ojú kan ń wò ó láti inú ibi tó là náà, kì í sì í ṣe ojú aláǹgbá.

"Ìyàwó," ó rọra pè é, "gbé ọmọ, dìde. Má sáré. Má wẹ̀yìn."

Ìbíyẹmí gbé ọmọ, ó dìde. Kò tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ ẹkùn fi yọ, tó fa ìborùn náà ya. Amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. Fọwọ́kàn gbé pátákó kan sáré wá, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dí ẹnu náà, wọ́n fẹ̀yìn tì í. Wọ́n ń gbọ́ èékánná lára igi lẹ́yìn wọn gan-an, títí àwọn ará ìlú fi gbé ìtì igi dé.

"Ẹ gé tèmi, ẹ̀gbọ́n mi," Fọwọ́kàn ń sunkún. "Ẹ gé gbogbo rẹ̀."

"Tèmi la ó kọ́kọ́ gé," Ọnàbánjọ ń gbọ̀n bó ti ń dáhùn. "Ẹkùn ò ṣẹ̀ wá, aláǹgbá ò ṣẹ̀ wá. Èmi pẹ̀lú rẹ la la ẹnu yẹn, ọmọ wa ló sì fẹ́ gbé mì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀."

Látìgbà náà, bí ará Ìgbólóyè bá rí ọmọ ìyá méjì tó ń bá ara wọn yan odì, kì í bèèrè ẹni tó jàre. Ohun tó máa ń wí kò ju pé: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.