Ẹni Tí Ó Mọ Oríkì Ìyá

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ìrántí sí lọ́wọ́. Òun ni àkọ́bí. Bí wọ́n bá bí ọmọ, òun ni í kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú ìwé. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tí ó jẹ́ àbúrò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sáré lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Kò kàn fẹ́ kí nǹkan ṣọnù ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn pẹ̀lẹ́.

"Àwẹ̀ró! O ò mọ̀ mí mọ́ ni?"

Oríkì ìyá ni ó fi pè é yẹn. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni òun, tí ó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀. Ó dárúkọ agboolé tí wọ́n bí ìyá sí, ó dárúkọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Omi bọ́ lójú ìyá. Ọkùnrin náà wá ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kí ó kà á fún òun, kí òun lè fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn ẹbí. Ìyá fi awò sójú, ó kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà náà ni kọ́kọ́rọ́ Wasáàpù rẹ̀: kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Wasáàpù ìyá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ń fi orúkọ ìyá kọ̀wé sí àwọn ẹbí pé òun wà ní ọsibítù, kí wọ́n dákun fi owó ránṣẹ́. Àwọn méjì fi ránṣẹ́.

Àkọ́bí jókòó, ó ro ó. Ará ìta lè mọ orúkọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n oríkì? Inú ilé ni oríkì ń gbé. A jẹ́ pé inú ilé náà ni olè ti wá. Ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó mọ oríkì ìyá sínú ìwé, ó sì ń pa wọ́n rẹ́. Èyí jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀; ó pa á rẹ́. Èyí kò mọ fóònù lò. Ó pa á rẹ́. Ẹnìkan ni ó ṣẹ́ kù: ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún méjì nínú ilé, tí òun gan-an sì bá ìyá ṣí Wasáàpù náà.

Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin yìí bá rẹ́rìn-ín, àkọ́bí á ní kí ló dùn mọ́ ọn. Bí ó bá dákẹ́, á ní ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Bí ó bá gbé fóònù sétí, á lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbẹ̀yìn, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kí ìyàwó náà padà sílé bàbá rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Obìnrin náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun léèrè lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n bá jókòó, àkọ́bí ṣí ìwé náà síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.

"Ìyàwó, ta ni o sọ oríkì Màmá fún?"

Ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Ta ni ó sọ ọ́ fún ìwọ alára? Èmi kò kọ́ ọ."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, sà. Ojú Fesibúùkù yín ni mo ti kà á. Mo há a sórí kí n lè máa fi kí Màmá láàárọ̀, kí ẹ má baà ní ìyàwó tí kò mọ ilé ni mí."

Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, bí àkọ́bí ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ìyá pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin: àwòrán ìyá, oríkì rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, agboolé rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàdúrà fún un. Ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó lé ní igba ènìyàn tí ó ti kí ìyá kú oríire níbẹ̀. Àkọ́bí kò mọ ìdajì wọn.

Ìyá yíjú sí àkọ́bí. "O kọ nọ́ńbà mi síta bí ilé tí wọ́n fẹ́ tà. O ò kúkú kọ ọ́ sí i pé kí ajẹ́ńtì má wulẹ̀ pè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi pa orúkọ mi rẹ́, sà."

Àkọ́bí pa á rẹ́. Kò wá ku ẹnì kan nínú ìwé náà. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Obìnrin náà kò kó ẹrù lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó tún rẹ́rìn-ín níbi tí àkọ́bí bá wà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ síta ni àjèjì fi ń di ẹbí. Ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ, ilé ìwé rẹ̀, oríkì ìyá rẹ: lọ wo ẹni tí o ṣí wọn sílẹ̀ fún. Nọ́ńbà tí ó bá wọlé sórí fóònù rẹ, tìrẹ nìkan ni. Ẹni tí ó bá ní kí o kà á fún òun, ìbáà mọ oríkì rẹ dé ti baba ńlá rẹ, pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, kí o sì pe ẹbí tí o mọ ohùn rẹ̀ dájú. Àwọn àgbà ní ìfura ni oògùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ ni kí o kọ́kọ́ fura sí, kí o tó na ìka sí ìyàwó ilé.