Igbá Epo Ojúọlápé

Eré tí kò débi tó ń lọ kì í ṣe eré,
Ọ̀nà ló mọ ẹsẹ̀ tó bá a mu,
A díá fún Ojúọlápé, agbẹ̀bí ìlú Òkè-Àgbá,
Ní ọjọ́ tó ń fi omijé wá ọkọ̀ tó lè sáré.

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé mo gbé ọkọ̀ wọ inú ìtàn Ifá. Ibi tí ayé bá dé ni Ifá ń bá a dé.

Ojúọlápé ní àbúrò kan, Mojírọ́lá, tó ń gbé ní Abà Ọ̀sàn, lẹ́yìn òkè àti odò. Nígbà tí Mojírọ́lá kọ́kọ́ rọbí, ọ̀nà àbùjá inú igbó ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Kí ó tó dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ náà lójú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe tún lóyún, ó kó gbogbo owó tó fi pamọ́ jáde, ó ní ọkọ̀ eléré ni òun máa rà.

Ó rí ọ̀kan lọ́jà ọkọ̀. Pupa fòò ni, ó rẹlẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti dijú, á rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà á máa yọ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn igi ọ̀sàn á máa tẹrí ba fún un. Àlá náà dùn. Èmi náà ì bá lá a.

Àwọn awo ní kí ó fi ẹyẹlé méjì rúbọ. Wọ́n ní kí ó ru igbá epo pupa tó kún dẹ́nu, kí ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ọkọ̀ dé Abà Ọ̀sàn, kí ó tó sanwó ọkọ̀ kankan. Ó rú ẹyẹlé kíá. Epo ni kò rù. Ó ní ta ló lówó ọkọ̀ lọ́wọ́ tí yóò máa ru epo kiri? Ó tilẹ̀ ti ra aṣọ funfun tí òun máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wẹ ọkọ̀. Ẹ ò rí i, ohun tí kò tíì bí ló ń ra aṣọ sílẹ̀ dè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó fẹ́ lọ sanwó, oorun gbé e lọ. Ọkọ̀ pupa náà ń fò. Ó ń gbọ́ igbe àbúrò rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n igbe náà kò súnmọ́ ọn. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé táyà kò kan ilẹ̀ rárá. Ẹ̀rù bà á. Ó jí, ó bu epo sínú igbá, ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà ọkọ̀ lọ.

Epo dànù lórí àpáta òkè. Ó dànù lórí afárá onígi tí pákó rẹ̀ ti yẹ̀. Ó tún dànù nínú odò, níbi tí omi ti mù ún dé orúnkún. Nígbà tó dé abà, díẹ̀ ló kù nísàlẹ̀ igbá.

Mojírọ́lá wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, epo yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù tán.”

Ojúọlápé ní, “Ó ti sọ tẹnu rẹ̀ fún mi.”

Ó padà sọ́jà ọkọ̀. Kò béèrè bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó nìkan mọ́. Ó béèrè bí ikùn rẹ̀ ṣe ga kúrò nílẹ̀ tó, bóyá aboyún lè dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, àti iye tí yóò kù fún táyà àti epo bẹntiróòlù. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tó ga lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fà jáde. Eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́n àpò Ojúọlápé gbẹ. Nígbà tó sanwó tán tó ń lọ, ó fọwọ́ pa ọkọ̀ pupa náà lára, ó sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ pé, òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ eérú gun àpáta, ó la odò já. Gbogbo ibi tí epo ti dànù ni Ojúọlápé ti dín eré kù, níbi tó kù, ó sáré. Mojírọ́lá gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dé.”

Kò pẹ́, ọmọ kígbe. Aṣọ funfun ìwẹ ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n, wọn kò fi bò ó lójú.

Ojúọlápé ń jó, ó ń yin awo. Ẹyẹlé rẹ̀ fín, epo rẹ̀ dà. Ẹni tó bá gbọ́ ìmọ̀ràn, tó rúbọ pé, yóò bá ire rẹ̀ láàyè.